Ẹ̀tọ́ Ọrùn àti Ọwọ́ Lórí Àwọn Ọmọ Wa

 

Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá tẹ̀dó sí Omagwa níhìn-ín, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà lára ohun tí a ń ṣe làálàá fún. Àwọn kan ń lọ sí ilé ìwé girama, àwọn kan ń lọ sí Yunifásítì Port Harcourt ní Choba. Fóònù ti di ìwé fún wọn, ó ti di tíṣà, ó sì ti di ibi eré. A kò wá bú fóònù. Ẹ̀tọ́ ara ni a wá rán wa létí.

Orí àgbàlagbà wúwo tó kílógíráàmù 5. Lọ́dún 2014, Kenneth Hansraj, dókítà oníṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé bí a bá tẹ orí síwájú dé dígírì 60, ẹrù tí ọrùn ń gbé á tó kílógíráàmù 27. Èyí ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Ta ni nínú wa tó máa gbé ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lé ọmọ rẹ̀ lọ́rùn láti ìgbà tí a kírun Ìṣáì tán títí di ọ̀gànjọ́?

Ọwọ́ náà ń jìyà. Bí àtàǹpàkò bá ń tẹ nǹkan láìdáwọ́ dúró, iṣan ìdí rẹ̀ lè wú, kí gbígbé ife omi pàápàá di ìrora. Ọwọ́ yìí kan náà ni ọmọ fẹ́ fi kọ ìdánwò, òun ni yóò sì fi jẹun lọ́la.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi yé wa pé oríkèé 360 ló wà lára èèyàn, sàárà sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Abdullahi ọmọ Amru ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń fi gbogbo òru kírun, Ànábì sọ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Bí ìjọsìn pàápàá bá ní ìwọ̀n, fóònù ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbé fóònù sókè kó kojú ẹyin ojú yín. Bí ẹ bá ti kàwé tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ na ọwọ́, ẹ yí ọrùn sọ́tùn-ún àti sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ladaani bá ti pè, ẹ dìde. Bí ọwọ́ bá ń kú tipiri, tàbí tí ìrora kò lọ, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fagbára yí yín lọ́rùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí fóònù sùn ní pálọ̀, kí ọmọ sùn ní yàrá. Kí tiwa náà sì wà níbẹ̀, torí ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ wa ló ń ṣe.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọrùn tó ń tẹ̀ba fún Un lórí ìrun àti ọwọ́ tó ń tẹ́ síwájú Rẹ̀ lérè, kí ó má jẹ́ kí wọ́n rọ lára àwọn ọmọ wa. Àmín.