Ta Ni Yóò Kó Pàǹtí Wa?

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ gbólóhùn yìí dáadáa: "Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, a máa tún un ṣe tó bá yá." Ẹlòmíì ló sábà máa ń tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pàǹtí iná átọ́míìkì, tí ewu rẹ̀ ń wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1993, Carlo Rubbia dábàá ẹ̀rọ kan ní CERN: kí proton tó ń sáré burúkú lu òjé, kí neutron tó jáde níbẹ̀ máa fọ́ átọ́ọ̀mù. Tí a bá pa ẹ̀rọ tó ń lé proton, ìfọ́ náà á dúró. Ó tún lè dín ọjọ́ ewu pàǹtí kù. Wọ́n ń ṣètò irú rẹ̀, MYRRHA, ní Mol, ní Belgium.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé torí pé agbálẹ̀ ń bọ̀ la ṣe máa da pàǹtí sílẹ̀? Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọ tí a kò tíì bí ò lo iná yìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹ̀rọ náà, àmọ́ ìlérí ò san gbèsè.