Ẹni Eji Rí: Òwe Òjò àti Ìgbésí Ayé Majek Fashek

"Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa" jẹ́ òwe tí àwọn àgbà máa ń pa nígbà tí ìyọnu bá dé bá ẹni tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti ga ju ìyọnu lọ. Eji ni orúkọ mìíràn tí Yorùbá ń pe òjò, òjò inú òwe yìí sì ni láburú ayé, tí kì í wojú olókìkí.

Láàrin àwọn olórin, òwe náà bá Majekodunmi Fasheke mu gidigidi, ẹni tí ayé mọ̀ sí Majek Fashek, tí a bí ní Bìní, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Régè, orin tí àwọn ará Jàmáíkà dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, ni ó fi ṣiṣẹ́ ṣe, ó sì pò ó mọ́ ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Àwo rẹ̀, Prisoner of Conscience, jáde ní 1988, orin tí ó fi tọrọ òjò nínú rẹ̀, Send Down the Rain, sì gbilẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn gbà pé òun gan-an ni ó ń mú kí òjò rọ̀. Ilé-iṣẹ́ Interscope ti Amẹ́ríkà gbé orin rẹ̀ jáde ní 1991. Nígbà tí ó yá, oògùn olóró àti àìsàn dá a dúró. Ó wọ ilé ìtọ́jú ní 2015, ó sì kú ní New York ní oṣù kẹfà ọdún 2020.

Ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé òun ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó yẹ kí ẹni tí ó bá rí ṣíṣú òjò wá ibi sá sí, ṣùgbọ́n òwe náà kò dá ẹni tí òjò pa lẹ́bi rárá. Ní Òkè-Ògùn, ní ọ̀dàn Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn tí igi kò ti pọ̀, tí oko iṣu sì jìnnà sílé, kò sí ẹni tí í fi àgbẹ̀ tí òjò pa lọ́nà oko ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé oúnjẹ ilé ni ó gbé e lọ síta gbangba. Ìta gbangba náà ni iṣẹ́ olórin, àwọn tí wọ́n sì jó sí orin Majek ni wọ́n jẹ nínú iṣu oko náà. Ara wọn gbẹ kìkì nítorí pé eji kò tíì rí wọn. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí a ka owó ìtọ́jú tí oníṣòwò Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá gbà láti san fún un ní 2019, nígbà tí ó ń ṣàìsàn ní London, sí gbèsè tí gbogbo olólùfẹ́ rẹ̀ jọ jẹ, kì í ṣe sàárà.