Sìgá Mímu: Àṣà Lásán ni, tàbí Bárakú?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba gbogbo àgbáyé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìbẹ̀rù tòótọ́.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a kò rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kírun Jímọ̀ pẹ̀lú wa. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní, "Alfa, bí mo bá ti dúró ní sààfù, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á sún kúrò." Òórùn sìgá ni wọ́n ń sá fún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gbé wa dé orí mínbárì lónìí.

Àwọn kan ń sọ pé àṣà lásán ni sìgá, pé ẹni tó bá wù yóò fi í sílẹ̀. Wọ́n ní, ṣebí amusìgá ń gba ààwẹ̀ Ramadan láìfọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó nígbà ìṣínu ní gáréèjì Ìkòròdú tàbí ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́: kí dàbínù tó dé ẹnu, ó ti ṣáná sí sìgá. Ẹni tó ń ka wákàtí dè é kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá tí a bá fà á sínú ni èròjà nicotine inú tábà ń dé ọpọlọ. Ọpọlọ á mọ ìtura náà lára, á sì máa bèèrè rẹ̀. Bí kò bá rí i, orí á fọ́, inú á máa bí ènìyàn láìnídìí. Ní 1988, olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé bárakú ni, gẹ́gẹ́ bíi ti heroin àti cocaine. Síbẹ̀, ní 1994, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ sìgá méje búra níwájú àwọn aṣòfin ibẹ̀ pé àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà kì í kúkú pe ọjà rẹ̀ ní májèlé.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: àwọn onímọ̀ wa kò fẹnu kò lórí tábà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àgbà onímọ̀ Timbuktu nì, Ahmad Baba, kọ ìwé ní nǹkan bí 1607 pé kò léèwọ̀. Ohun tí a mọ̀ nígbà náà ló fi ṣe ìdájọ́. Àwa ti mọ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró, Ọlọ́hun sì ti kọ̀ fún wa nínú Suratul Baqarah, āyah 195, láti fi ọwọ́ ara wa fa ìparun.

Bí ó bá wá jẹ́ bárakú, ẹ rántí bí Ọlọ́hun ti gba ọtí lọ́wọ́ àwọn sàhábé. Kò já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà Ó kọ̀ kí wọ́n sún mọ́ ìrun nínú ìmutípara. Ìgbẹ̀yìn ni Ó pa á láṣẹ nínú Suratul Maidah pé kí wọ́n jìnnà sí i pátápátá. Ọba tó dá wa mọ bí bárakú ti ń di ènìyàn mú. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Aláìsàn tó mọ àìsàn rẹ̀ ni wíwá ìwòsàn di dandan fún. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń mu ún, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á rọlẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà, oògùn wà tó ń ranni lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá gáréèjì, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 kọ̀ ọ́, ó sì kọ títà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Owó tí ẹ ń rí níbẹ̀, ẹ ronú sí i.

Àwa tí a sún kúrò ní sààfù ńkọ́? Òótọ́ ni pé Ànábì kọ̀ kí ẹni tó jẹ aáyù gbé òórùn rẹ̀ wọ mọ́sálásí. Kí amusìgá fọ ẹnu, kí ó pààrọ̀ aṣọ. Ibi àlùwàlá kò jìnnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan ṣépè fún ọkùnrin tí wọ́n ti jẹ níyà léraléra nítorí ọtí, Ànábì kọ̀ fún un, ó ní ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti ṣèlérí pé òun yóò wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa nìyí. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún àwa àti ẹ̀yin àti gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ̀yin náà, ẹ tọrọ rẹ̀.