Ó Ha Tọ́ Láti Hú Egungun Àwọn Tálákà Ìgbàanì Bí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gba ọkàn wa láti ìgbà díẹ̀ wá, a sì rò pé ó yẹ kí a gbé e kalẹ̀ níwájú yín, kí olúkúlùkù lè fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: nígbà tí a bá ti fi àdúrà sin òkú kan, tí a sì ti fi erùpẹ̀ bò ó, ó ha tọ́ kí ẹlòmíràn wá lẹ́yìn ẹgbẹ̀ta ọdún, kí ó tún ilẹ̀ náà gbẹ́, kí ó sì kó egungun olóògbé náà jáde, nítorí pé ó ń fẹ́ mọ irú oúnjẹ tí ó jẹ àti irú àrùn tí ó ṣe é? A mọ̀ pé bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú yín ní ìbéèrè yìí lójijì, ẹ óò dáhùn pé, "Rárá o, ẹ fi òkú sílẹ̀ kí ó sinmi." Láti inú àánú ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, àwa kò sì jẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a rin ọ̀nà kejì wò kí a tó dájọ́.

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Yorkshire, ibì kan wà láàárín àwọn òkè tí ilẹ̀ wọn funfun bí ẹfun, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Wharram Percy. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lónìí kì yóò rí ju pápá koríko àti ògiri ilé ìsìn Martin Mímọ́ tí kò ní òrùlé mọ́. Síbẹ̀, abúlé tí ó kún fún ènìyàn ni ó jẹ́ ní ìgbà tí àwọn òpìtàn Yúróòpù ń pè ní Ìgbà Àárín, èyíinì ni láti nǹkan bí ọdún 500 títí di nǹkan bí ọdún 1500 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Àgbẹ̀ ni àwọn ará abúlé náà. Àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ni ilẹ̀. Àwọn tí ń ro ó a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀, wọn a sì máa ṣiṣẹ́ nínú oko olúwa wọn pẹ̀lú. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tí a ń pè ní Ikú Dúdú jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1348 àti 1349, abúlé náà kò sì tú. Ohun tí ó tú u ni àgùntàn. Ní nǹkan bí ọdún 1500, wọ́n lé àwọn ìdílé tí ó kù kúrò lórí ilẹ̀ wọn, nítorí pé irun àgùntàn ń mú owó wọlé ju ọkà lọ.

Láti ọdún 1950 títí di ọdún 1990, àwọn awalẹ̀pìtàn, èyíinì ni àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti fi wá ìtàn, a máa lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún ní ìgbà ooru. Àwọn ọkùnrin méjì tí ó ṣíwájú wọn ni Maurice Beresford àti John Hurst. Wọn kò wá wúrà tàbí fàdákà. Àpáàdì, ìṣó, egungun ẹran tí a jẹ kù, àti ìpìlẹ̀ ilé àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń wá. Ní àyíká ilé ìsìn náà ni wọ́n sì ti hú òkú tí ó tó nǹkan bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ó dé tí wọn kò fi ka ìwé? Àwọn ènìyàn ìgbà náà kò ha kọ ìwé sílẹ̀ bí? Wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ ọ́? Akọ̀wé ọlọ́lá ni, iye ilẹ̀ àti iye ìṣákọ́lẹ̀ ni ó sì kọ. Bí a bá dárúkọ àgbẹ̀ kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó jẹ gbèsè tàbí pé ó rú òfin ni. Bí ìyàwó rẹ̀ ti ṣe tọ́ ọmọ, bí ebi ti ṣe pa wọ́n, bí wọ́n ti ṣe ṣàánú ara wọn, akọ̀wé kò ní ohun tí ó fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Nítorí náà, bí a bá ní kí a máa gbọ́ ti ìwé nìkan, ẹnu ọlọ́rọ̀ nìkan ni a óò máa gbọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ilẹ̀ náà wí. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ rí ìpìlẹ̀ àwọn ilé náà, wọ́n rò pé ahéré tí kò lágbára ni, tí a ní láti tún kọ́ ní ìran dé ìran. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, wọ́n sì wí pé àwọn ilé náà dára ju bí a ti rò lọ, pé igi ńlá ni ó gbé òrùlé wọn ró. Wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo, èyí tí ó fi hàn pé àwọn ènìyàn náà ní ohun ìní tí wọn kò fẹ́ kí olè jí. Wọ́n rí egungun ẹja òkun, bẹ́ẹ̀ ni abúlé náà kò sí ní etí òkun. Wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ inú ilé jìn kòtò ní àárín, wọ́n ní ìgbálẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ, nítorí gbígbá ní ojoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀. Àwa tí a ti gbọ́ pé ènìyàn ìdọ̀tí ni àwọn tálákà ìgbà náà, ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀.

Àwọn egungun pẹ̀lú sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí ènìyàn bá jẹ a máa fi àmì sílẹ̀ nínú egungun rẹ̀. Nípa àmì yìí ni àwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé àwọn ìyá Wharram Percy a máa fún ọmọ wọn ní ọmú títí di nǹkan bí oṣù 18, èyí tí ó dáàbò bo àwọn ọmọ náà nínú ayé tí omi rẹ̀ kò mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyà bẹ̀rẹ̀; àwọn ọmọ abúlé náà kúrú púpọ̀ ju àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ní ọjọ́ orí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà láàárín wọn. Ọkùnrin kan sì wà tí a ti fi nǹkan lù lórí tí agbárí rẹ̀ fi fọ́ wọ inú. Ẹnì kan ṣí awọ orí rẹ̀, ó sì yọ egungun tí ó fọ́ náà kúrò. Ojú ọgbẹ́ náà jinná, ọkùnrin náà sì yè. Àgbẹ̀ lásán ni, láìsí oògùn òde òní, síbẹ̀ ọmọlàkejì rẹ̀ kà á sí ẹni tí ó yẹ kí a là. Kò sí ìwé kan tí ó sọ èyí fún wa. Agbárí nìkan ni ó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tìtorí adùn ìtàn yìí gbàgbé ìbéèrè wa. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti hú wọn. Inú ìrètí àjíǹde ni a sin wọ́n sí, wọ́n kọ ojú sí ìlà oòrùn, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ni àwọn yóò wà títí ìpè yóò fi dún. Ẹ tún wo ọ̀ràn ọba kan. Ní ọdún 1485, a pa Richard Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ojú ogun, a sì sin ín sí ilé ìsìn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìlú Leicester. Ní ọdún 2012, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun rẹ̀ lábẹ́ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ní ọdún 2015 sì ni wọ́n tún un sin nínú kàtídírà ìlú náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tò sí ojú pópó láti wo pósí rẹ̀ bí ó ti ń kọjá. A kò bá wọn wí nítorí èyí. Ṣùgbọ́n a béèrè pé: ọba nìkan ha ni ó jẹ́ ènìyàn bí? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún egungun àgbẹ̀ ni ó wà nínú àpótí nínú yàrá ìkóǹkanpamọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, nọ́ńbà sì ni orúkọ wọn.

Àwọn kan yóò dáhùn pé èrè tí ó wà níbẹ̀ tó láti dá iṣẹ́ náà láre. Lóòótọ́ èrè wà. Ní East Smithfield ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a hú ìtẹ́ àwọn tí Ikú Dúdú pa láàárín ọdún 1986 sí 1988. Láti inú eyín wọn ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò àrùn náà, tí wọ́n sì tò gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀dá rẹ̀ jọ ní ọdún 2011. Àrùn náà kò tíì kúrò ní ayé, nítorí náà ìmọ̀ yìí kì í ṣe eré. Síbẹ̀ a kò lè fi ọ̀ràn náà mọ sí èrè. Bí èrè nìkan bá tó, kò sí ohun tí a kò lè fi ènìyàn ṣe. Ẹni tí ó lé àwọn ará Wharram Percy jáde nítorí irun àgùntàn, èrè ni òun náà rò.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé títú egungun ká lè dí àjíǹde lọ́wọ́. Ẹ̀rù yìí kò ní ìdí. Iná jó ọ̀pọ̀ ajẹ́rìíkú di eérú, òkun sì gbé ọ̀pọ̀ atukọ̀ mì, Ọlọ́run kò sì pàdánù ẹnì kan nínú wọn. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pẹ̀lú gbé egungun Jósẹ́fù jáde láti Íjíbítì, wọ́n sì fi ọlá sin ín. Nítorí náà kì í ṣe gbígbé egungun ni ẹ̀ṣẹ̀. Ọkàn tí a fi gbé e ni ó yẹ kí a wádìí.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó le. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwọn egungun kan tí a rí ní Wharram Percy, tí kò sí ní àgbàlá ilé ìsìn, bí kò ṣe nínú kòtò láàárín ilé. Egungun 137 ni, ti ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Lẹ́yìn ikú wọn ni a ti fi ọ̀bẹ gé wọn, tí a sì ti sun àwọn kan nínú iná. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ rò pé ó bá a mu jù lọ ni pé àwọn ará abúlé náà ń bẹ̀rù pé òkú wọ̀nyí lè dìde wá ṣe wọ́n ní ibi. Eyín wọn sì fi hàn pé ọmọ agbègbè náà ni wọ́n, wọn kì í ṣe àlejò. Ó ha yẹ kí a tú àṣírí àwọn òkú bẹ́ẹ̀ bí? A rò ó pẹ́, a sì gbà pé ó yẹ. Ẹni tí a bá ń yìn nìkan ti di ère. Ẹni tí a bá sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, rere àti búburú, ni a kà sí ènìyàn bí àwa. Àwọn mẹ́wàá tí a gé náà pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ sí i pé kí ẹnì kan mọ ohun tí a fi wọ́n ṣe.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ó tọ́ láti ṣí ibojì tálákà bí ìdí gidi bá wà, bí a bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ, bí a bá fi ọ̀wọ̀ mú egungun náà, tí a sì ń rántí pé àlejò ni wọ́n ní ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2005, Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àjọ tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ náà pawọ́ pọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ọ̀ràn yìí. Àpẹẹrẹ rere kan sì wà ní Barton-upon-Humber. Láàárín ọdún 1978 sí 1984 ni a hú nǹkan bí òkú 2,800 ní ilé ìsìn Peteru Mímọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2007 ni a kó wọn padà sínú ilé ìsìn náà gan-an, níbi tí àwọn onímọ̀ ṣì lè bẹ̀ wọ́n wò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ọ̀wọ̀ kò dí ìmọ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ kò gbọdọ̀ lé ọ̀wọ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. Ogójì ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ Wharram Percy láti gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní í sọ. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ náà wà láàyè, tí wọ́n ní ẹnu, tí a sì ń lé wọn kúrò nílé, ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò fi etí sí wọn. Ẹ̀yin ará, àwọn tí kò sí ẹni tí ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé wà láàárín ìjọ wa pẹ̀lú: opó tí ń jókòó sí ẹ̀yìn, alágbàṣe tí kò ní ilẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń gbá ilẹ̀ ilé wa ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Kí a má ṣe dúró di ìgbà tí egungun wọn yóò sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè nísinsin yìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ẹnu ara wọn dá wa lóhùn.