Èló Lẹ Rà Á Gan-an?

Alhája àti Tíṣà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, agbo ilé wọn wà ní Ẹdẹ. Alhája ta aṣọ títí ó fi fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ lọ́wọ́. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọbìnrin tí arákùnrin wọn fi sílẹ̀ sáyé lọ ti Èkó wá sọ̀ sílé Alhája, torí ìgbéyàwó rẹ̀ ti sún mọ́lé, ó sì ní òun ò lè dá yan gáùn àti aṣọ ẹbí. Òun àti Alhája ti lọ sí Gbági n'Íbàdàn, wọ́n ti dé. Ohun tó tẹ̀yìn ọjà náà yọ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń jà sí.

TÍṢÀ: Ẹ kú àbọ̀ o, Alhája. Ìyàwó dà?

ALHÁJA: Ó ń sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ò jẹ́ ká tètè jáde n'Íbàdàn. A dé Ìkirè, ó ní dandan òun á ra dòdò Ìkirè lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun l'Ékòó. Ká tó gba Gbọ̀ngán já sí Akódà, ilẹ̀ ti ṣú.

TÍṢÀ: Gáùn ńkọ́?

ALHÁJA: A ò tíì ra gáùn, lésì aṣọ ẹbí la rà. A ti rí gáùn tó wù ú, funfun báláú, ìrù rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ débi pé ọmọ méjì ni yóò máa gbé e tẹ̀lé e. Ta tiẹ̀ ló ní kí ìyàwó máa wọ funfun?

TÍṢÀ: Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n wò ṣe. Funfun ló wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1840. Àwọn kan ti wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló sọ ọ́ dàṣà. Ṣáájú ìgbà náà, aṣọ tó bá dára jù nínú àpótí ni ìyàwó Òyìnbó ń wọ̀, àwọ̀ yòówù kó jẹ́.

ALHÁJA: Sányán ni ìyá tiwa wọ̀. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òwú kòkòrò inú igbó ni, ẹnikẹ́ni ò rẹ ẹ́ láró, àwọ̀ tó bá wáyé náà ló wà lára rẹ̀ dòní. Mo yọ ọ́ fún ọmọ náà, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun á wọ̀ ọ́ níbi ìdána, kí wọ́n bá òun hun gèlè sí i ní Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, gáùn náà ni. Èmi Mùsùlùmí ni mo wá ń bá a wá gáùn ṣọ́ọ̀ṣì kiri.

TÍṢÀ: Ṣé ẹ̀yin nìkan ni l'Ẹ́dẹ? Kí ló wá dé tí ojú yín fà ro?

ALHÁJA: ₦38,000 la ra lésì náà, yáàdì márùn-ún. Ká tó dé Ìkirè, ọmọ ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé ₦60,000. Mo bojú wò ó, ó ní, “Mọ́mì, ibẹ̀ lowó gáùn á ti jáde.” Mo panu mọ́. Lálẹ́ àná ni ìyàwó Bàbá Kékeré bá pè mí, opó yẹn. Ó ní, “Alhája, ẹ̀yin lẹ mọ ọjà, ẹ̀yin lẹ sì bá a lọ. Èló lẹ rà á gan-an?”

TÍṢÀ: Kí lẹ fún un lésì?

ALHÁJA: Mo ní kó jẹ́ kí n pè é padà.

TÍṢÀ: Ẹ ò sì pè é.

ALHÁJA: Kí ni kí n sọ? Ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé mi, tó ń jẹun mi, tó fọkàn tán mi débi tó fi náwó lójú mi, kí n wá máa tú u síta fún ará ilé? Ṣé torí ìyẹn ló ṣe wá sọ̀ sọ́dọ̀ mi?

TÍṢÀ: Ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ tú u síta. Irọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ má pa. Bẹ́ ẹ bá fi ẹnu yín sọ pé ₦60,000 lẹ rà á, ẹ̀yin lẹ parọ́ fún opó, ọmọ kọ́.

ALHÁJA: Ṣé òní ni wọ́n ti ń lé owó lórí aṣọ ẹbí ni? Ta ni kì í lé e?

TÍṢÀ: Bí gbogbo ìlú bá ń ṣe é, ṣé ìyẹn ló sọ ọ́ di rere?

ALHÁJA: Owó ọkọ̀ ńkọ́? Owó alábàárù ńkọ́?

TÍṢÀ: Ẹ ṣírò rẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sórí aṣọ. Kò lè ju ₦2,000 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ó ku ogún ẹgbẹ̀rún.

ALHÁJA: Ẹni tí kò bá wù, kó má rà á.

TÍṢÀ: Alhája, ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí opó yẹn bá wọ ańkárá àtijọ́ wá, ẹ̀yìn ni wọ́n á tì í sí. Aṣọ ni àwọn tó ń pín oúnjẹ ń wò. Ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó ní kò fẹ́ ká ṣe ìyàwó náà láṣeyọrí.

ALHÁJA: Èmi tí mo ta aṣọ yìí, ìgbà wo ni mo sọ iye tí mo rà á fún oníbàárà? Ẹni tó bá ta ọjà, tí kò jèrè, eré ló ń ṣe.

TÍṢÀ: Oníbàárà yín mọ̀ pé ọjà lẹ ń tà. Ó ń ná an, bí kò bá sì gbà, ó ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ta ló lè ná aṣọ ẹbí? Ọmọ yìí ò ṣòwò, ẹbí ló ń bá rajà. Ẹ bi àwọn Ààfáà yín: oníṣòwò lè jèrè, ṣùgbọ́n ẹni tá a rán lọ́jà ò gbọdọ̀ fi èrè pamọ́ fún ẹni tó rán an.

ALHÁJA: Ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ń kọ́ mi ní kéú. Mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tí o ò tíì gbọ́. Ọmọ yìí ò ní bàbá. Bí bàbá rẹ̀ bá wà láyé, ta ni yóò ra gáùn? Nígbà tí Davido, ọmọ Ẹdẹ, gbéyàwó l'Ékòó lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà 2024, ta ló bi wọ́n pé níbo lowó aṣọ ti wá? Olówó kì í ṣàlàyé owó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ òrukàn ni wọ́n ń pè kó wá jíhìn. Ṣé kó dúró láàárín ẹbí ni, kó ní, “Ẹ dákun, ẹ dáwó gáùn fún mi”? Èrè orí aṣọ ẹbí yìí, ọgbọ́n táwọn èèyàn dá ni, kí ẹbí lè ran ọmọ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ọmọ nawọ́.

TÍṢÀ: Ọ̀rọ̀ wà nínú èyí.

ALHÁJA: A ò sì tan ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé owó wà lórí rẹ̀.

TÍṢÀ: Bí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí opó ń bi yín?

ALHÁJA: Ó mọ̀ pé owó wà lórí rẹ̀. Iye tó jẹ́ ni kò mọ̀.

TÍṢÀ: Ẹ̀hẹ́n. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń yọ nínú owó òun, tí kò mọ iye tí wọ́n ń yọ, ṣé ó lè ní òun ló fi ṣe wọ́n lóore? Ẹ rántí ayé Tìmì Adétóyèsè Láoyè, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó wà lórí oyè láti 1946 di 1975. Bí ìlù bá dún lóde ìyàwó láyé ìgbà náà, ojú agbo lẹni tó fẹ́ ṣeni lóore ti ń lẹ owó mọ́ni níwájú orí. Ẹni tó ní tòró á lẹ tòró. Gbogbo èèyàn ń rí i, ẹni tó fúnni sì mọ iye tí òun fúnni.

ALHÁJA: Ìyẹn gan-an nìjọba wá ní a ò gbọdọ̀ ṣe mọ́! Ṣé kì í ṣe òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ló ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa ná náírà síni lára lóde ijó? Owó tí gbogbo ayé ń rí ló di ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó sá pamọ́ sínú lésì, ọlọ́pàá kankan ò lè mú un.

TÍṢÀ: Ẹ mú mi níbẹ̀. Òfin ò mọ ọ̀rọ̀ ìyàwó í ṣe. Ní 1956, ìjọba Ìlà-Oòrùn ṣòfin pé owó orí ìyàwó ò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 30 lọ. Ẹ bi àwọn Igbo bóyá òfin yẹn dá ẹnikẹ́ni dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ìjọba sílẹ̀. Ìyàwó àtijọ́ máa ń sun ẹkún ìyàwó yípo agbo ilé kó tó lọ sílé ọkọ, àwọn èèyàn a sì máa ta á lọ́rẹ. Gbangba ló ti ń gbà á, kò sì sẹ́ni tó pè é ní alágbe.

ALHÁJA: Nítorí pé gbogbo ìyàwó ló ń sun ún! Ọmọ olówó sun ún, ọmọ tálákà sun ún. Ìtìjú ò sí nínú ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Lónìí, òun nìkan ni yóò dúró síbẹ̀.

TÍṢÀ: N ò rí èsì fún ìyẹn. Lóòótọ́ ni mò ń sọ. Bí mo bá dé ilé, yóò tún máa yí mi nínú.

ALHÁJA: Ṣé o wá rí i.

TÍṢÀ: Ẹ jẹ́ kí n tún gba ibòmíì wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ńlá l'Ábújà ò ní mọ̀ pé ogún ẹgbẹ̀rún kúrò lọ́wọ́ àwọn. Opó yìí ńkọ́? Owó èsúsú ni yóò fi san án. Ẹ ń ṣàánú ọmọ tí kò ní bàbá, ẹ wá ń gba owó gáùn rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí kò lọ́kọ.

ALHÁJA: Hmm. N ò rò ó dé opó yẹn. Bí mo bá tà á fún òun nìkan ní iye tá a rà á ńkọ́?

TÍṢÀ: Àwọn tó kù á gbọ́.

ALHÁJA: Wọ́n á gbọ́, òótọ́ ni. Nínú ẹbí tiwa yìí.

TÍṢÀ: Ohun tí mo rò rèé. Ìtìjú tí ẹ ń sọ wúwo torí pé ọmọ lẹ fẹ́ kó gbé e. Ẹ̀yin àgbà ẹ gbé e. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp: iye tá a ra lésì rèé, iye ọkọ̀ rèé, ₦40,000 ló jẹ́. ₦20,000 tó lé, gáùn ọmọ tí arákùnrin wa fi sílẹ̀ ni. Kẹ́ni tágbára rẹ̀ ká a san án, kẹ́ni tí kò lè san án gba aṣọ tirẹ̀ ní ₦40,000, ẹnikẹ́ni ò ní bi í. Ìyẹn ò ní sọ ọmọ di alágbe.

ALHÁJA: O mọ ìwé, o ò mọ ẹbí rẹ. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí mo bá ní aṣọ di ₦60,000, yóò fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá pe ogún níbẹ̀ ní ẹ̀bùn, yóò bi mí pé kí ni ìyá ọmọ ń ṣe látọjọ́ yìí, àti pé kí ló dé tí ọmọ ò kúkú yá gáùn. Owó téèyàn fi raṣọ kì í dunni. Èyí téèyàn fúnni ló ń dunni.

TÍṢÀ: Ó kúkú lè yá gáùn. Wọ́n ń yá a ní Òṣogbo.

ALHÁJA: Mo ti sọ ọ́. Ó ní òun ò wọ aṣọ tí ẹlòmíì ti fi ṣe ìyàwó. N ò lè máa bá a fà á. Bí òótọ́ tìrẹ yìí bá mú kí owó gáùn má pé ńkọ́, ta ni yóò fi ojú rí ọmọ náà?

TÍṢÀ: Ó ṣeé ṣe kó má pé. N ò ní purọ́ fún yín pé yóò pé.

ALHÁJA: Kí ni kí n wá sọ fún opó?

TÍṢÀ: Ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ bó bá jí. Ẹ sọ fún un pé wọ́n ti ń béèrè, àti pé ẹ ò lè pe ₦38,000 ní ₦60,000 fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn lẹ jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbà á sílé, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

ALHÁJA: Bó bá wá kọ̀ ńkọ́?

TÍṢÀ: Ẹ sọ fún opó pé ìyàwó ni kó bi.

ALHÁJA: Ìyẹn náà ti tú u síta.

TÍṢÀ: Bẹ́ẹ̀ ni. N ò mọ ọ̀nà míì.

ALHÁJA: Ó dáa, màá bá a sọ ọ́. Ìwọ ńkọ́, èló ni tìrẹ?

TÍṢÀ: ₦60,000. Kẹ́ ẹ kọ orúkọ mi sókè pátápátá, kí àwọn tó kù rí i, kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀.

ALHÁJA: Kí opó tó san ₦40,000 náà rí i?

TÍṢÀ: Ẹ má kọ ọ́, nígbà náà. Kẹ́ ẹ má kọ iye tẹ́nikẹ́ni san.

ALHÁJA: Ṣé ká tún wá fi í pamọ́ ni, Tíṣà?