Ta Ni Ó Ń San Owó Ìgbélùú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń kúrò ní ibi tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ sí ibi tí ó lérò pé yóò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bóyá ó tọ́ kí ènìyàn ṣí kúrò nílùú rẹ̀ nítorí àtijẹ àtimu kọ́ ni ìbéèrè tí ó wà níwájú wa. Ìbéèrè wa ni èyí: nígbà tí ẹnì kan bá ń tọrọ àṣẹ láti máa gbé ìlú onílùú títí láé, ta ni ó ń san owó rẹ̀ ní tòótọ́? Ó yẹ kí á fi ìyàtọ̀ sí àárín iye tí a kọ sínú ìwé àti ohun tí ọ̀ràn náà ń náni. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ni ó ń san ti ìṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fọwọ́ sí ohunkóhun ni ó ń san ti ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iye inú ìwé. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ìjọba Kánádà fi kún owó tí òṣìṣẹ́ onímọ̀ tí ń béèrè ìwé ìgbélùú yóò san: dọ́là Kánádà 950 fún àyẹ̀wò ìwé rẹ̀, àti 575 fún ẹ̀tọ́ ìgbélùú fúnra rẹ̀. Ọkọ tàbí aya rẹ̀ yóò san iye kan náà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò san 260. Owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tún wà, ti ìwé-ẹ̀rí wà, ti àyẹ̀wò ara wà. Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ kan ní Kánádà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó wà nílẹ̀. Ní àárín ọdún 2024, dọ́là 27,297 ni fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin. Bí a bá ka dọ́là Kánádà kan sí 1,100 náírà, 950 àti 575 yẹn nìkan ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà lọ. Láti oṣù Keje ọdún 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí. Ẹni tí ó ń gba iye yẹn yóò fi owó ọdún méjì gbáko pamọ́, kò ní jẹ, kò ní mu, kí ó tó lè san án fún ara rẹ̀ nìkan.

Kì í ṣe ohun tuntun pé kí àlejò san nǹkan fún onílé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ tí ó bá ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ náà ti dá ìjà sílẹ̀ ní ibi púpọ̀, pàápàá nígbà tí kòkó sọ ilẹ̀ di ọ̀nà ọlà. N kò sọ pé ti àwọn baba wa kò ní àbùkù. Síbẹ̀, ìlànà kan wà nínú rẹ̀: ìgbà tí ilẹ̀ bá ti so èso ni àlejò ń mú nínú èso náà wá, láti jẹ́wọ́ pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Nínú ohun tí ó rí gbà ni ó ti ń san. Owó ìgbélùú òde òní yàtọ̀. Kí ilẹ̀ tó fún un ní nǹkan kan ni wọ́n ti ń gbà á. Bí Kánádà bá kọ̀ fún un, yóò rí owó ẹ̀tọ́ ìgbélùú gbà padà, ṣùgbọ́n owó àyẹ̀wò ìwé ti lọ. Ìrètí ni ó rà. Ẹni tí ó gbèjà ìjọba náà lè sọ pé gbogbo ẹ̀yà ni ó ń san án bákan náà, kò dà bí owó-orí tí Kánádà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà nìkan láti ọdún 1885, èyí tí ó di 500 dọ́là ní ọdún 1903, tí olórí ìjọba wọn sì tọrọ àforíjì lé lórí ní ọdún 2006. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí ó dọ́gba nínú ìwé kò dọ́gba nínú àpò.

Ẹlòmíràn lè sọ pé iyekíye kò pọ̀ jù fún ìwé tí ń dáàbò bo ni. Àwíjàre yìí lágbára. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìnísà, ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ; àwọn mìíràn ti bímọ síbẹ̀. Ilé, ọjà àti owó tí wọ́n yá ènìyàn ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwa náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Gánà ní oṣù Kìíní ọdún 1983. Ogún ọdún tí ènìyàn fi jẹ́ aládùúgbò rere kò tó bébà kan. N kò lè dá ẹni tí ń wá bébà náà lẹ́bi. Ohun tí ó yẹ kí á bi í ni pé, láti inú àpò ta ni owó náà ti jáde?

Ẹ jẹ́ kí á gbé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà yẹ̀ wò, nítorí ìlú náà ti rí ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, ajíhìnrere SIM, ti Kánádà wá sí ilẹ̀ Yàgbà, tí Ẹ̀gbẹ̀ sì di ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó fi owó hàn, tàbí kí ó yege nínú ìdánwò èdè Yàgbà, kí ó tó sùn. Lóòótọ́, abẹ́ àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti gba ilẹ̀ náà ni ó dé. Kì í ṣe inú rere onílé nìkan ni ó fún un láàyè. Ṣùgbọ́n onílé gbà á, Titcombe College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1951 sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé-ìwòsàn tí SIM dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí ó di ti ECWA, ti tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì. Lónìí, ọ̀nà tí Titcombe gbà wá ni àwọn ọmọ Òkun ń gbà lọ.

Kí nọ́ọ̀sì kan tó mọṣẹ́, àgbà nọ́ọ̀sì kan ni ó dúró tì í lóru. Aláìsàn ni ó na apá fún un kí ó fi kọ́ bí a ti ń gún abẹ́rẹ́. Òbí ni ó ta iṣu láti san owó ilé-ìwé. Gbogbo wọn ni ó ti dá owó sí ìwé ìgbélùú náà, kò sì sí ẹni tí ó já rìsíìtì fún wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì kí wọ́n tó bá a jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn. Lójú tèmi, ẹjọ́ ìhà méjèèjì ní òtítọ́ nínú. Ìjọba tí kò san owó oṣù tí ó tó jẹun kò ní ẹnu láti ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń lọ kò lè sọ pé ara òun nìkan ni òun gbé lọ. Àwọn kan ní owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ti san gbogbo rẹ̀. Owó náà ń kan òrùlé, ó ń ra oògùn, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kò lè dúró ti aláìsàn lóru.

Àwọn ọ̀dọ́ ń pe ṣíṣí lọ yìí ní jápa, bí ẹni pé okùn ni a já. Okùn tí ó já kì í ní orí kan ṣoṣo; èyí tí ó kù lọ́wọ́ onílé náà ti kúrú.

Kí wá ni ìwà ọmọlúàbí ń béèrè? Lọ́wọ́ ìlú tí ń gba àlejò, ó ń béèrè pé kí ó má gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní gbà wọlé ju iye tí àyẹ̀wò náà ná an lọ. Lọ́wọ́ ẹni tí ń lọ, ó ń béèrè ohun mẹ́ta: kí ó sọ iye náà ní òtítọ́ fún àwọn tí yóò bá a san án, kí ó tọrọ ìyọ̀ǹda wọn ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè sọ pé rárá, kí ó sì ka ohun tí ó gbà sí gbèsè. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé ni wọ́n fẹ́ tà láti fi pé owó tí Kánádà fẹ́ rí ní báńkì, kí ó rántí pé ilẹ̀ náà ti àwọn tí a kò tíì bí ni pẹ̀lú, àwọn wọ̀nyí kò sì lè wá sí ìpàdé.

Ní àkótán, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú lílọ, kò sì sí nínú sísan owó. Ohun tí kò tọ́ ni kí ènìyàn ná ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kí ó sì pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó dá san án. Ẹni tí ó bá ti ka gbogbo àwọn tí wọ́n jọ san án, tí ó sì tún fẹ́ lọ, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Ó ti mọ iye rẹ̀.