Bí Ọkọ̀ Kan Bá Ń Rì, Ṣé Kí Èkejì Dúró?

Ẹ̀yin ará wa, àwa ọmọ Oòduà tí a fi ilé sílẹ̀ wá ọ̀nà ìjẹun ní ìlú onílùú mọ ìtumọ̀ ìrànlọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé ṣé ó yẹ kí ènìyàn dúró gba ọmọnìkejì rẹ̀ là, kíá la ó dáhùn pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárín ọdún 1898 sí 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan ọkọ̀ ogun mẹ́fà tí wọ́n dà bí ọmọ ìyá kan náà: Cressy, Sutlej, Aboukir, Hogue, Bacchante àti Euryalus. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní armoured cruiser ni wọ́n, èyí ni pé wọ́n fi irin tó nípọn bo ẹ̀gbẹ́ wọn kí ọta ìbọn má baà tètè wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 12,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iyì wọn pọ̀. Cressy ṣiṣẹ́ lápá ilẹ̀ Ṣáínà, Aboukir sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí òkun Mẹditaréníà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun kì í pẹ́ darúgbó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1914, àwọn ọkọ̀ tuntun tó yára jù wọ́n lọ ti gba ipò wọn. Wọ́n ti gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì tún pè wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó sínú wọn jẹ́ àwọn tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, tí wọ́n ní aya àti ọmọ nílé. Wọ́n tún kó àwọn ọmọdékùnrin kún wọn láti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi ní Dartmouth, tí òmíràn nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 15 lọ. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ òkun tó wà lẹ́bàá ilẹ̀ Họ́láńdì.

Ewu iṣẹ́ yìí kò pamọ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi fúnra wọn ń fi àwọn ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjẹ tí a fi ń dẹ ẹja ni wọ́n. Ọ̀gágun Roger Keyes kìlọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, Winston Churchill, mínísítà tó ń ṣe àkóso ọmọ ogun ojú omi, kọ ìwé pé kò yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ ìwé, àwọn ọkọ̀ kò kúrò. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22, Aboukir, Hogue àti Cressy nìkan ló wà lójú omi náà. Ìjì ti lé àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó yẹ kó máa sìn wọ́n lọ sílé. Ọkọ̀ abẹ́ omi kan ti ilẹ̀ Jámánì, U-9, tí Otto Weddigen jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, rí wọn. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó yin tọ́pídò lu Aboukir. Ọ̀gá ọkọ̀ náà rò pé bọ́ǹbù tí wọ́n rì sínú òkun ni àwọn gbá. Hogue sún mọ́ ọn láti kó àwọn ènìyàn, ó sọ ọkọ̀ kéékèèké sómi. Tọ́pídò méjì ba òun náà. Cressy dúró láàárín àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n lu òun náà. Kí aago mẹ́jọ tó lù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rì. Ènìyàn 1,459 kú. Àwọn 837 là. Ọmọ ọdún 15 kan, Wykeham-Musgrave, kúrò nínú Aboukir, ó lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ Hogue, ìyẹn rì, ó dé inú Cressy, ìyẹn náà rì. Síbẹ̀ kò kú.

Ta ló kó àwọn tó là? Ọkọ̀ ilẹ̀ Họ́láńdì méjì, Flora àti Titan, tí ìlú wọn kò sí nínú ogun rárá, àti àwọn ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ dúró mọ́ lẹ́bàá èyí tí ọ̀tá bá ti lù. Ìbéèrè wa rèé: ṣé àṣẹ yìí bá ìwà ọmọlúàbí mu?

Àwọn kan yóò ní ìwà ìkà ni. Ta ni yóò gbọ́ igbe ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú omi tí yóò yí ẹ̀yìn padà? Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní tiwa, a gbà pé àṣẹ náà tọ́, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ènìyàn lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrẹ, kò lè fi ẹ̀mí ẹlòmíràn tọrẹ. Ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, ohun ìfipamọ́ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ńlá má dúró gbọ́dọ̀ ti pèsè ọkọ̀ kékeré tí yóò dúró. Bí kò bá pèsè rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n kú.

Nítorí náà, a kò dá àwọn ọ̀gá Hogue àti Cressy lẹ́bi fún àánú wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ láìsí ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ló ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù. Kì í sì ṣe ogbó ló pa wọ́n. Bacchante àti Euryalus jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ níbi ogun Gallipoli ní oṣù kẹrin ọdún 1915, wọ́n la ogun já, ọdún 1920 ni wọ́n tó tà wọ́n fún àwọn tó ń fọ́ irin.

Ẹ̀yin ará, bí ìṣọ̀ ẹnìkan nínú wa bá jóná, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó owó ilé ìwé ọmọ sílẹ̀, tí ẹ̀kẹta sì tọwọ́ bọ̀wé dúró fún un lọ́dọ̀ ayánilówó, ilé mẹ́ta lè wó lọ́jọ́ kan. Àánú kọ́ ló burú, àìpèsè sílẹ̀ ni. Owó oṣooṣù tí à ń rojọ́ lé lórí nípàdé, òun gan-an ni ọkọ̀ kékeré tiwa. Bákan náà, àwa tí à ń pe àwọn ọmọ láti ilé pé kí wọ́n wá bá wa níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí a ti wá ibi tí wọn yóò sùn àti ẹni tí yóò mójú tó wọn kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Aránniníṣẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ wa rì. Ṣùgbọ́n kí àwa náà ti pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ ìjì.